Ẹran Ni Àbí Ọkà? Ẹ̀kọ́ Tí Ìtàn Oúnjẹ Kọ́ Wa ní Kàdúná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ayé tí a wà yìí, oúnjẹ tí ó ń lé ebi lọ náà tún lè gbé àìsàn wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ oúnjẹ fún ìwé ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa.

Níbikíbi tí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì bá ti pé jọ, yálà níbi ìsọmọlórúkọ tàbí níbi ìpàdé ẹgbẹ́, àríyànjiyàn kan kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹnìkan á ní òun kò fi ẹnu kan ẹran mọ́, pé sẹ́mó àti àlìkámà ni òun ń jẹ. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, ọkà gan-an ló ń fa ìtọ̀ ṣúgà, ẹran àti ẹyin ni kí èèyàn máa jẹ. Èmi náà ti bá àwọn kan jiyàn rí, mo sì ti fi ara mi san owó ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn ìlú tí a ń gbé yìí, àti ìtàn ilé tí a ti wá, ti dá ẹjọ́ náà tipẹ́. Àwa ni a kò fetí sí i.

ÌLÚ TÍ ỌKÀ ÀTI MÀLÚÙ TI PÀDÉ

Ọdún 1917 ni Kàdúná di olú-ìlú Àríwá Nàìjíríà dípò Zungeru. Kí ó tó di ìgbà náà, ojú irin láti Èkó ti gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Kánò. Ojú irin yìí ni ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ibùdókọ̀ Kaduna Junction ni wọ́n sì gbé e wá. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí ìsàlẹ̀, màlúù àti ẹ̀pà ni ó ń gbé. Bí ó bá ń bọ̀, obì àti gààrì ni. Sábó tí ó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1916, orí òwò obì àti màlúù yìí kan náà ni ó dúró lé. Ẹran tí wọ́n ń jẹ ní Ìbàdàn, ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tí mo máa ń rí lójoojúmọ́ ni àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ru igbá nono wọ inú ìlú. Nínú igbá ni nono wà, lórí àwo kejì ni wọ́n sì to fúrá sí. Jéró ni wọ́n fi ń ṣe fúrá: wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sè é, wọn á gún un pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti èròjà mìíràn, wọn á sì mọ ọ́n róbótóróbótó. Bí ẹ bá ra tiyín, wọn á run fúrá sínú nono níṣojú yín. Jéró láti oko àgbẹ̀, wàrà láti ara màlúù darandaran, ìgbá kan náà ni wọ́n pàdé sí.

Ẹ jẹ́ kí á wo igbá yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹran àti wàrà nìkan ni Fúlàní ń jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Darandaran kì í sáábà pa màlúù rẹ̀ jẹ, nítorí pé màlúù ni báńkì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń ta nono láti fi ra jéró àti ọkà bàbà, ọkà yìí sì pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Àgbẹ̀ Hausa pẹ̀lú ń fẹ́ nono, ó sì ń fẹ́ ìgbẹ́ màlúù fún oko rẹ̀. Nígbà tí àrùn màlúù tí àwọn òyìnbó ń pè ní rinderpest jà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1887 sí 1891, agbo ẹran ṣófo, ìyàn sì mú àwọn darandaran, nítorí pé kò sí nono tí wọn yóò fi ra ọkà mọ́. Ọdún 1924 ni ìjọba dá iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos. Ọdún 2011 ni wọ́n tó kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ káàkiri àgbáyé. Láti ìgbà náà wá ni ìtàn ti ń sọ fún wa pé ọkà àti ẹran kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

ẸRAN BÀBÁ, ÒGÌ ỌMỌ

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí kò rọrùn fún mi láti kọ, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́, a kò ní rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Nílé wa ní Tudun Wada, inú àwo bàbá ni ẹran máa ń wà. Bàbá á jẹun tán, á wá ṣẹ́ eegun àti ègé ẹran kan kù, àwa ọmọ á sì pín in. Ẹyin kò kàn wá rárá. Wọ́n ní ọmọ tí ó bá mọ adùn ẹyin yóò jalè. Èyí kì í ṣe ìwà ìkà. Ọ̀nà ìkọ́mọ ni lójú wọn, kí ọmọ má baà ya ọ̀kánjúwà.

Ní ọdún 1965, ìyá mi lóyún, ó sì gba ọmú lẹ́nu àbúrò mi obìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ògì ni oúnjẹ ọmọ náà láàárọ̀, ògì ni lálẹ́. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, irun orí rẹ̀ pọ́n, ó sì fẹ́lẹ́, awọ ara rẹ̀ ń bó. Ọmọ tí ó máa ń sáré pàdé bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, àwọn kan ní ó sanra. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń bá a jà. Kí òjò ọdún náà tó dá, a ti sin ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé ilé wa kì í ṣe ilé tálákà. Bàbá mi ń gba owó oṣù, ẹran sì wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà fi ń ṣàìsàn.

Ìgbà tí mo di akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ni mo ṣèèṣì ṣí ìwé kan níbi ìkówèésí, tí mo sì rí àwòrán ọmọ kan tí ó dà bí àbúrò mi. Mo pa ìwé náà dé. Nígbà tí mo tún un ṣí, mo ka ìtàn Dókítà Cecily Williams, obìnrin tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ní ọdún 1933 ó kọ ìròyìn nípa àìsàn àwọn ọmọ tí a gba ọmú lẹ́nu wọn tí a sì ń fún ní àgbàdo nìkan. Ní ọdún 1935 ó fún un ní orúkọ tí àwọn ará Gã ń pè é: kwashiorkor, ìyẹn àìsàn tí ó ń kọlu ọmọ tí àbúrò ti gba ipò rẹ̀. Àwọn ìyá Gã ti mọ ìgbà tí àìsàn náà máa ń dé kí dókítà kankan tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, Dókítà David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní ọdún 1956. Ní Ìmèsí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn àwọn ọmọdé láti ìgbà ìbí títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n sì ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí káàdì. Bí ìlà náà bá dúró tí kò gòkè mọ́, ìyá á ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Káàdì Ìmèsí-Ilé yìí ni ó di àwòṣe fún èyí tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé fún ọmọ wẹ́wẹ́.

Èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ ògì? Àwọn ìyá wa yóò rẹ àgbàdo, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò sì sẹ́ ẹ. Bí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú èròjà amúaradàgbà àti fítámínì inú àgbàdo ń bá èèrí lọ. Ewúrẹ́ ni a máa ń da èèrí fún. Nítorí náà, èèrí lọ sí ẹnu ewúrẹ́, ẹran ewúrẹ́ lọ sí àwo bàbá, omi ògì funfun ni ó kù fún ọmọ. Àwọn onímọ̀ òde òní fi kún un pé kì í ṣe àìjẹ ẹran nìkan ni ó ń fa kwashiorkor. Àìtó oúnjẹ lápapọ̀, èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru wà nínú rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí ju ògì lọ kò ní ohun tí yóò fi bá àwọn wọ̀nyí jà.

BÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ṢE YÍ Ọ̀RỌ̀ PADÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti dà rú mọ́ lójú. Ní ọdún 1931, John Boyd Orr àti John Gilks tẹ ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Wọ́n fi àwọn Maasai tí ń jẹ ẹran, wàrà àti ẹ̀jẹ̀ wé àwọn Kikuyu tí ń jẹ ọkà àti iṣu. Wọ́n ní àwọn Maasai ga jù, wọ́n sì lágbára jù. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ti gbà pé ẹran ni Áfíríkà ń fẹ́. Boyd Orr yìí náà ni ó di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún FAO ní ọdún 1945. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tí wọ́n tún ìwádìí náà wò lẹ́yìn náà sọ pé ìjọba ti gba ilẹ̀ mọ́ àwọn Kikuyu lọ́wọ́, nítorí náà oúnjẹ tí wọ́n bá lẹ́nu wọn kì í ṣe oúnjẹ àtètèkọ́ṣe wọn.

Ní ọdún 1952, ìwé FAO àti WHO lórí kwashiorkor ní Áfíríkà mú kí gbogbo ayé máa pariwo èròjà amúaradàgbà. Ní ọdún 1974, Dókítà Donald McLaren dìde, ó ní àṣìṣe ńlá gbáà ni, pé kí ọmọ ṣáà jẹun yó ni. Òkò bá tún yí padà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹran sílẹ̀.

Èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Embu, ní Kẹ́ńyà náà, láàárín ọdún 1998 sí 2000. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 12 ni wọ́n lò. Wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní githeri, ìyẹn àgbàdo àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, irú èyí tí àwa ń pè ní àdàlú. Ti àwọn kan, wọ́n fi ẹran díẹ̀ sí i. Ti àwọn kan, wọ́n fi wàrà tì í. Ti àwọn yòókù, òróró ni wọ́n fi kún un. Àwọn tí wọ́n jẹ ẹran díẹ̀ ni iṣan ara wọn pọ̀ jù, wọ́n ń ṣeré jù, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò làákàyè. Wọn kò gba ọkà kúrò lẹ́nu ọmọ kankan. Ẹran díẹ̀ ni wọ́n fi bá ọkà rìn.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Ọkà kò ní ẹ̀yà amúaradàgbà kan tí wọ́n ń pè ní lysine tó. Ẹ̀wà ní in, ẹran, ẹja àti ẹyin sì ní in. Fítámínì B12 kò sí nínú ọkà tàbí ẹ̀fọ́, ara ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni ó wà. Irin tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ sì tètè ń wọ ara láti inú ẹran ju láti inú ewé lọ. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi àkàrà jẹ ògì kò mọ orúkọ lysine, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

BÍ OÚNJẸ WA ṢE DI FUNFUN

Nígbà tí iléeṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e ní Kakuri, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ń fẹ́ oúnjẹ tí a lè jẹ lójú ọ̀nà. Búrẹ́dì ni ó bá iṣẹ́ náà mu. Ní ọdún 1962 ni iléeṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Apápá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, ìrẹsì òkèèrè àti àlìkámà òkèèrè kún ọjà. Oúnjẹ ọdún di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ní ọdún 1987, ìjọba Ọ̀gágun Babangida fi òfin de àlìkámà òkèèrè, búrẹ́dì sì wọ́n gógó, ṣùgbọ́n wọ́n gbé òfin náà kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀fun wa ti mọ́ ọn lára.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Ní ọdún 1992, ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwòrán oúnjẹ onígun mẹ́ta kan jáde. Búrẹ́dì, ìrẹsì àti oúnjẹ ọkà ni ó wà nísàlẹ̀, pé kí èèyàn máa jẹ ìwọ̀n 6 sí 11 nínú rẹ̀ lójúmọ́. Ẹran àti ẹyin wà lókè níbi tí ó tín-ín-rín. Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wá sí ọ́fíìsì wa, ó ya àwòrán náà sójú pátákó, ó sì ní ẹyin àti ẹran ló ń dí òpó ẹ̀jẹ̀. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Mo fi ẹyin sílẹ̀, mo fi ẹran sílẹ̀, mo fi nono sílẹ̀. Búrẹ́dì àti tíì onísúgà láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, sẹ́mó lálẹ́. Láàárọ̀, mọ́tò ni yóò gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Orí àga ni n ó wà títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní ọdún 2011, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo bínú sí dókítà. Mo ní, "Èmi tí n kò jẹ ẹran láti ọdún yìí wá?" Ó ní kí n lọ kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sínú ìwé. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, tí mo kà á, ojú tì mí. Gbogbo ohun tí mo kọ ni ó funfun. Bí ewúrẹ́ ti gba èèrí lọ́wọ́ àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ti gba èèrí lọ́wọ́ èmi náà, mo sì tún fi ọwọ́ ara mi lé ẹran àti ẹyin kúrò lórí tábìlì.

Ní ọdún 2011 yẹn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà pa àwòrán onígun mẹ́ta tì. Nígbà tí ó di ìlànà ti ọdún 2015 sí 2020, wọ́n yọ òdiwọ̀n 300 mílígíráàmù cholesterol lójúmọ́ tí ó ti ń dẹ́rù ba àwọn olùjẹ ẹyin. Kí ẹlẹ́ran má tíì yọ̀ o. Ní ọdún 2015 kan náà, àwọn onímọ̀ àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO sọ pé ẹran alágolo àti sọ́séèjì ń fa jẹjẹrẹ ìfun, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kí àjẹjù ẹran pupa náà fà á.

FÚLÀNÍ ÀTI ARÁ ÌBÀDÀN

Ìwádìí méjì ni n ó fi parí ẹjọ́ yìí, ọdún 2001 sì ni àwọn méjèèjì jáde. Èkíní ni ti Robert Glew àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, lórí Fúlàní darandaran ní àríwá Nàìjíríà. Bí ìdajì agbára tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ, ọ̀rá ni, pàápàá ọ̀rá wàrà. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn dára, cholesterol wọn kò ga. Àwọn olùwádìí ní ó lè jẹ́ nítorí pé wọ́n ń rìn púpọ̀, tí àpapọ̀ oúnjẹ wọn kò sì pọ̀.

Èkejì ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, ní ọdún 1992. Wọ́n fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá wé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Ìbàdàn, tí ọ̀rá kò pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, kò sanra tó àwọn ti ọ̀hún, cholesterol wọn sì kéré sí tiwọn. Àrùn ìgbàgbé tí ń ṣe arúgbó ń mú bí 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ́dún. Ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó lè fa ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ronú sí i.

Fúlàní ń mu ọ̀rá wàrà, ará Ìdíkàn ń jẹ iṣu àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹran díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà ní ìlera. Kí ni ó pa wọ́n pọ̀? Oúnjẹ tí a sè nílé ni, tí ẹ̀rọ kò tíì bó láṣọ. Wọn kì í jẹ àjẹkì. Wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Lójú tèmi, ìbéèrè "ẹran ni àbí ọkà" kì í ṣe ìbéèrè tó tọ́. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: irú ọkà wo, báwo ni ẹran ṣe pọ̀ tó, àti pàápàá jù lọ, àwo ta ni ẹran náà wà?

Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ àbúrò mi kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Ní Àríwá Ìwọ̀-oòrùn tí Kàdúná wà, wọ́n ju ìdajì lọ. Ilẹ̀ tí jéró, àgbàdo, ẹ̀wà sóyà àti màlúù pọ̀ sí jù ni àwọn ọmọ ti ń ràn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ má fún ọmọ ní ògì lásán. Ẹ po ẹ̀wà sóyà tí a lọ̀, ẹ̀pà, edé tàbí wàrà mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ ẹyin. Ẹyin kò sọ ọmọ kankan dolè rí. Ẹ̀yin bàbá, àwọn àgbà ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹran kọ́kọ́ kan ọmọ àti aláboyún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì, ẹ má ṣe ṣe bí mo ti ṣe. Ara àgbà ń fẹ́ èròjà amúaradàgbà kí iṣan má baà yọ́ tán. Ẹ dín ohun funfun kù, ẹ padà sí túwó ọkà bàbà tí a lọ̀ pẹ̀lú èèrí rẹ̀, sí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹran níwọ̀nba. Ẹni tí ó bá ní àìsàn lára, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó yí oúnjẹ padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà láti ra fúrá àti nono láìsí súgà. Mo máa ń mú ọmọ-ọmọ mi obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́. Bí a bá délé, a ó se nono náà kí ó gbóná dáadáa, nítorí kòkòrò àrùn, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó sì run fúrá sí i. Òun ni ó ń kọ́kọ́ mu. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni tèmi.

Kí Olódùmarè dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kí ó jẹ́ kí oúnjẹ máa ṣe wá lóore, kí a má sì fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ. Àṣẹ.